"Ilé" Bọ́lá, "Ulé" Tèmi

Wọ́n ṣì ń lu ríìmù ọkọ̀ àtijọ́ yẹn láràárọ̀. Ibi tí mo jókòó sí lábẹ́ òkè yìí ní Ọ̀kà ni mo ti ń gbọ́ ọ, ohùn irin gbígbẹ tó máa ń dun ènìyàn léyín. Àwọn ọmọ girámà ló ń pè sí kíláàsì nísinsìnyí. Nígbà èwe wa, kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ni wọ́n ń lù ú fún, kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré tí a máa ń pè ní tiwa bí ẹni ń pe ọmọ bíbí inú rẹ̀.

Tiwa ni lóòótọ́. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń gun ọ̀kadà lọ sí yunifásítì ní Àkùngbá, ẹ rò pé ìjọba ní í kọ́ gbogbo ilé ìwé. Àwọn ìyá wa ló ru yanrìn, àwọn bàbá wa ló mọ búlọ́ọ̀kù, àwa ọmọdé pọn omi títí orí wa fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pá. Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dé láti Ìkàrẹ́ àti ìlú mìíràn, àwọn ìyá kan náà ló ń gún iyán fún wọn. Bàbá mi fi oko iṣu rẹ̀ sílẹ̀ fún kọ́lẹ́ẹ̀jì, òun ni pápá bọ́ọ̀lù tí ẹ ń rí lónìí. Ohun kan ṣoṣo ló bèèrè: kí wọ́n gba ọmọbìnrin kan láti agboolé wa.

Àwa méjì ni ọjọ́ orí wa tó o, èmi àti Bọ́lá, ọmọ àbúrò bàbá mi. Àgbàlá kan náà la ti jọ ṣeré, àwo kan náà la jọ fi jẹun. Mo mọ̀wé jù ú lọ. N kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n Bọ́lá ti gbé ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ ní Ìbàdàn rí, Yorùbá inú ìwé sì ti mọ́ ọn lẹ́nu.

Ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì fúnra rẹ̀ wá sí agboolé wa láti mú ọ̀kan nínú wa. Ó bi mí pé, "Níbo lo ti ń bọ̀?"

"Ulé ni mo ti ń bọ̀, sà."

Ó rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín burúkú, ìyẹn ló tilẹ̀ dùn mí jù. Ó yíjú sí Bọ́lá.

"Ilé ni, sà," ni Bọ́lá wí, ó tún kúnlẹ̀ lé e.

Ọ̀gá ní olùkọ́ tí yóò kọ́ ọmọ ní Yorùbá kò gbọdọ̀ máa sọ ulé. Lẹ́tà kan ṣoṣo! Bọ́lá ló mú; báyìí ni àyè tí bàbá mi fi oko rẹ̀ gbà ṣe di ti Bọ́lá.

Èmi náà ni mo ru àpótí rẹ̀ lọ síbẹ̀, àpótí tuntun tí wọ́n rà lọ́jà Ìkàrẹ́. Bó bá dé nígbà ìsinmi, aṣọ rẹ̀ a máa ta sánsán sítáàṣì, ìyá mi a ní, "Ẹ gbọ́ bí ẹnu Bọ́lá ṣe ń dán!" Owú rẹ̀ a máa ta mí bí ata. Mo lọ́kọ, mo ta gààrí, mo bímọ, owú náà kò kúrò. Bọ́lá kọ́ ọmọ ìlú, ó kọ́ àwọn ọmọ tèmi pàápàá. Lọ́jọ́ ìsìnkú rẹ̀, àwọn tó kọ́ níwèé kún títì débi pé ọkọ̀ kò ráàyè kọjá. Mo sunkún rẹ̀. Mo sì jowú rẹ̀ nínú pósí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, akẹ́kọ̀ọ́ kan wá láti Àkùngbá, ó na fóònù sí mi lẹ́nu. Ó ní ohùn Ọ̀kà ń parẹ́, àwọn ọmọ kò sọ ọ́ mọ́. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń pe ilé níbí?"

"Ulé," ni mo wí.

"Ẹ ṣé gan-an, mà! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ."

Mo tún un sọ. Inú ọmọ náà dùn bí ẹni tó rí nǹkan he. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ti kógbá wọlé, yunifásítì ti dé, ohun tí wọ́n torí rẹ̀ kọ̀ mí ni wọ́n wá ń fi ẹ̀rọ gbà lẹ́nu mi. Irin yẹn nìkan ni ohùn rẹ̀ kò yí padà. Ó yẹ kí n yọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gá yẹn bá lè jí, kó wọlé láàárọ̀ yìí, kó bi mí níbo ni mo ti ń bọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi, ilé ni n ó wí.