Páálí Méjì Tí Máṣẹ́jú Fi Téèpù Bò

Máṣẹ́jú, obìnrin oníférémù, ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta, ni wọ́n fi ṣe olórí àwọn adájọ́ ní pápá ìbọn lóṣù tó kọjá. Oyè náà tọ́ sí i, kò sẹ́ni tó jiyàn. Àmọ́ bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá pàdé rẹ̀ lójú pópó, kì í ṣe oyè ni wọ́n fi ń kí i. Téèpù ni.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ ilé alájà kan, níbi tí oòrùn kì í ti í wọlé títí di ọ̀sán. Níbẹ̀ ló ti ń gé igi, tó ń gé gíláàsì, tó sì ń fi férémù sí àwòrán àwọn tọkọtaya tuntun àti ti àwọn òkú tí ọmọ wọn ò fẹ́ gbàgbé. Bó bá ti tò ó pọ̀ tán, á da férémù dojú délẹ̀, á fi téèpù di gbogbo etí ẹ̀yìn rẹ̀ kí eruku má baà wọ̀ ọ́. Ó ti ṣe é títí tí ọwọ́ rẹ̀ kì í fi í dúró gba àṣẹ lọ́dọ̀ orí mọ́. Bó bá rí ihò níwájú rẹ̀, ó ti dí i kó tó rò ó.

Ọdún kẹfà rèé tó ti ń yìnbọn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló mú un dé pápá nígbà àkọ́kọ́; ẹ̀gbọ́n ti pa á tì, àbúrò ò pa á tì. Lọ́jọ́ yẹn, nígbà tí ìbọn dún, gbogbo àwọn àlejò ló ṣẹ́jú àfi òun. Ibẹ̀ lorúkọ ti lẹ̀ mọ́ ọn.

Ìdíje wọn kì í ṣe ti ká dúró sójú kan. Aago kékeré kan á dún, ẹni tó ń yìn á gbéra pẹ̀lú ìbọn ìléwọ́ rẹ̀, á máa lọ láti ibùdó kan dé òmíràn, á sì yin páálí kọ̀ọ̀kan tí wọ́n gbé kalẹ̀ bí àmì lẹ́ẹ̀mejì, kíákíá bó bá ti lè ṣe tó, torí àkókò náà wà nínú máàkì. Bó bá parí, adájọ́ á rí i dájú pé ìbọn ti ṣófo, wọ́n á ka ihò, lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi téèpù bo ihò kí ẹni tó kàn tó bọ́ síbẹ̀. Ihò tí wọ́n bò kí wọ́n tó kà á, ta ló máa mọ̀ bóyá tuntun ni tàbí ti ẹni tó kọ́kọ́ yìn? Nítorí náà lòfin ṣe sọ pé ẹni tó bá fọwọ́ kan páálí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yìn kí wọ́n tó kà á, òdo ló gbà lórí rẹ̀.

Ìpele kìíní, tó ga jù lọ, ni Máṣẹ́jú ń lé. Ọdún mẹ́ta ló fi wà ní ìpele kejì, bí ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà tí wọn ò pè wọlé. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ojú rẹ̀ mú, síbẹ̀ máàkì rẹ̀ ò gòkè. Nígbà tí Bàbá Pápá, tó jẹ́ olórí adájọ́ nígbà náà, ní kó wá bá òun darí ìdíje nítorí orúnkún tó ń yọ òun lẹ́nu, ńṣe ló fajú ro.

“Bàbá, tí mo bá ń di aago mú fún gbogbo ayé, ìgbà wo ni màá yin tèmi?”

“Ọmọ mi, láti ọjọ́ tó o ti ń yìn, ẹ̀yìn ta lo rí rí? Wá dúró lẹ́yìn èèyàn ná.”

Ó gbà, tìkọ̀tìkọ̀. Àmọ́ ibi tó dúró sí yẹn, pẹ̀lú aago lọ́wọ́, ló ti rí ohun tí kò rí lára ara rẹ̀. Kì í ṣe ọwọ́ ló ń jẹ àkókò. Ẹsẹ̀ ni. Àwọn tí kò gòkè á yìn wàrà-wàrà tán, wọ́n á wá dúró, wọ́n á na ọrùn láti wo ibi tí ọta bà. Àwọn ọ̀gá kì í wẹ̀yìn. Bí ọta ìkẹyìn ṣe ń jáde, ẹsẹ̀ wọn ti ń lọ.

Ó gé igi férémù kékeré kan bí ìbọn, ó lẹ bébà mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù bíi páálí, ó sì ń fi igi náà rìn láàárín àwọn àwòrán. Ọkọ rẹ̀, tó ń wa bọ́ọ̀sì ilé ìwé, wọlé bá a lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

“Ta lo fẹ́ fi igi pa?”

“Ìrìn ni mò ń kọ́.”

“Lọ́jọ́ orí yìí? Ìyá rẹ sọ fún mi pé o tètè rìn.”

Ọ̀rọ̀ wẹ́dà kan wà tó yẹ ká sọ. Wẹ́dà yìí, ọmọ ẹgbẹ́ wọn, sáré lọ ki ìka bọ ihò páálí rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ ọdún tó kọjá kí wọ́n tó kà á, nítorí ara rẹ̀ ò gbà á. Máṣẹ́jú ló dájọ́. Òdo. Wẹ́dà bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbọ́. Ilẹ̀kùn irin ṣọ́ọ̀bù Máṣẹ́jú tó wà lọ́dọ̀ wẹ́dà fún àtúnṣe ò kúrò lójú kan títí oṣù fi parí, kó tó wá gbé e kọ́.

Ìdíje ìparí ọdún ni wọ́n fi ń to ìpele. Lọ́jọ́ náà, Máṣẹ́jú ti darí ìdíje láti òwúrọ̀, ó ti ka páálí, ó ti bo ihò títí àtàǹpàkò rẹ̀ fi ń lẹ̀. Nígbà tó kan òun, ó gbé aago fún nọ́ọ̀sì kan tí wọ́n jọ ń ṣe adájọ́.

Aago dún. Kò tíì yìn bẹ́ẹ̀ rí. Kò na ọrùn, kò wẹ̀yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ bí omi. Ó fi ìbọn hàn pé ó ṣófo, ó dá a padà sínú àpò rẹ̀. Bí nọ́ọ̀sì ṣe tẹjú mọ́ aago, Máṣẹ́jú rìn lọ síbi páálí, ó yọ téèpù lápò, ó bo ihò ti àkọ́kọ́, ó bo ti èkejì.

“Àǹtí adájọ́! Àǹtí adájọ́ o!” wẹ́dà lọgun. “Kí lẹ ń bò yẹn?”

Máṣẹ́jú wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ọwọ́ olè.

Ẹ̀rín bẹ́. Ẹnì kan dì mọ́ òpó kó má baà ṣubú. Nọ́ọ̀sì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, torí òun ló mọ ohun tí aago kọ. Ó na aago náà sí i.

“Àǹtí mi, ẹ wo àkókò yín. Ìpele kìíní nìyí. Ẹ jẹ́ ká ní kẹ́ ẹ tún un yìn. Èmi ni mi ò tètè wò yín.”

“Èmi tí wọ́n fún ní òdo ni mo sọ ọ́,” wẹ́dà fi kún un. “Ẹ jẹ́ kí wọ́n tún un yìn. Wọn ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.”

“Ṣé ìwọ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe tìrẹ ni?” Máṣẹ́jú bi í.

“Rárá o.”

“Ó dáa.”

Bàbá Pápá dìde lórí àga rẹ̀. “Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n dá ẹjọ́ yìí.”

“Kí lẹ máa dá, Bàbá?” Máṣẹ́jú bi í.

Bàbá ń fọwọ́ pa orúnkún rẹ̀. Máṣẹ́jú rí i pé ọ̀rọ̀ náà nira fún àgbàlagbà, ó sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

“Nọ́ọ̀sì, kọ òdo sí méjèèjì. Ka ìyókù.”

Ìyókù ò tó. Díẹ̀ ló kù, àmọ́ díẹ̀ yẹn náà ni ìpele kejì. Ó lọ jókòó sẹ́yìn ilé tí wọ́n ń kó páálí sí, kò sunkún, kò sì fẹ́ kẹ́nikẹ́ni bá òun sọ̀rọ̀. Wẹ́dà ló gbé ife tíì kan wá bá a.

“Mo bẹ̀bẹ̀ fún yín o,” ó ní, “àmọ́ ká ní ẹ gbà láti tún un yìn ni, ilẹ̀kùn yẹn, màá padà wá yọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà yín.”

Máṣẹ́jú rẹ́rìn-ín títí tíì fi dà sí i lẹ́sẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan ni Bàbá Pápá pe ẹgbẹ́ jọ, tó ní orúnkún òun ti fi ipò sílẹ̀, òun náà á tẹ̀ lé e. Kò dárúkọ ẹlòmíràn yàtọ̀ sí Máṣẹ́jú láti rọ́pò òun. Máṣẹ́jú bi í bóyá olórí adájọ́ ṣì lè máa díje. Bàbá ní kí lọwọ́ rẹ̀ fẹ́ máa ṣe tí kò bá díje. Láti ìgbà náà, ó ń darí, ó ń yìn, àkókò rẹ̀ sì ń dín kù sí i. Inú rẹ̀ dùn, ó sì ń fi hàn.

Ìdíje àkọ́kọ́ ọdún tuntun di ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀. Láti ọdún yìí lọ, ọjọ́ Jímọ̀ ni àwọn adájọ́ á máa yin tiwọn, kí wọ́n lè ráyè darí ìdíje fáwọn yòókù lọ́jọ́ kejì. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láago mẹ́jọ àárọ̀. Nọ́ọ̀sì ló máa di aago mú, Máṣẹ́jú ló máa kọ́kọ́ yìn.