Ẹ̀yìn Fusae

"Nílé yín, ta ní ń bá yín fọ ẹ̀yìn?"

Bí Fusae ṣe bi mí nìyẹn, nínú ilé ìwẹ̀ abúlé wọn lábẹ́ òkè, níbi tí omi gbígbóná ti ń sun láti inú ilẹ̀ tòun ti òórùn imí ọjọ́. Mo jókòó lórí àpótí, mo ń da omi sára. Èmi àti Nobue, aládùúgbò mi, la wọ bọ́ọ̀sì àárọ̀ wá. Bọ́ọ̀sì ọ̀sán ni yóò gbé wa padà, kò sì sí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Mo ní, "Kò sẹ́nì kankan, ẹ̀gbọ́n. Ọkọ mi ti kú."

"Háà, ẹ̀yìn opó. Ìdajì rẹ̀ ló ń rí ọṣẹ." Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó gba kànrìnkàn lọ́wọ́ mi. "Tẹ̀ síwájú díẹ̀ kí n rí ẹ̀yìn rẹ, àbúrò."

Nobue ti wà nínú omi ní tirẹ̀, ó ká tówẹ́ẹ̀lì lé orí bí ẹni fẹ́ ru igbá. "Kikuno, wọ́n mà ń bó ọ bí iṣu o!"

Fusae ló ń tọ́jú ilé ìwẹ̀ náà. Òun ló ń fọ ilẹ̀ rẹ̀, òun ló ń bá àlejò tó bá fẹ́ kó sómi láìtíì fọ ara jà. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rí òun fúnra rẹ̀ nínú omi náà rí.

Lọ́dọ̀ wa, bí ẹnì kan bá fọ ẹ̀yìn rẹ, wàá ní kó yí padà kí o fọ tirẹ̀. Gbèsè ni, a kì í gbé e lọ sílé. Mo ní, "Ó kàn yín, ẹ̀gbọ́n."

"Rárá. Mo wà lẹ́nu iṣẹ́."

"Iṣẹ́ wo? Àwa nìkan la wà níbí."

Ó fi omi ṣan ọṣẹ kúrò lẹ́yìn mi. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́, bí ẹni ń dárúkọ iye tí wọ́n ń ta ẹyin. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ó ń bá ìyá rẹ̀ se ẹyin níbi tí omi náà ti ń hó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lórí yìnyín, ó ṣubú sínú omi híhó náà, ó sì bó o lẹ́yìn. Ẹyin Sísè ni àwọn ọmọ abúlé ń pè é. Tokuzo ọkọ rẹ̀ nìkan ló ń fọ ẹ̀yìn yẹn, Tokuzo sì ti kú nígbà òtútù tó kọjá.

"Bí mo bá yí padà, ìwọ náà á ní kò burú. Irọ́ yẹn ni mi ò fẹ́ gbọ́."

"N kò ní sọ nǹkan kan."

Fèrè bọ́ọ̀sì dún lójú ọ̀nà. Nobue ti wọṣọ tán, ó yọjú lẹ́nu ọ̀nà. "Kikuno! Dẹ́rẹ́bà ò ní dúró de arúgbó o!"

Mo ní, "Ẹ máa lọ. Ó di àárọ̀ ọ̀la."

"Ṣé orí ẹ pé báyìí?" Ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

A gbọ́ tí bọ́ọ̀sì lọ. Fusae wo ilẹ̀kùn, ó wò mí. Ó tú aṣọ rẹ̀, ó jókòó sórí àpótí. Àpá náà bẹ̀rẹ̀ láti èjìká, ó dé ìbàdí, ó hunjọ bí èèpo igi. N kò rora jù, nítorí ẹni tí a bá ń rora fọ̀ á mọ̀ pé à ń bẹ̀rù òun.

"Sókè díẹ̀," ó ní. "Ọwọ́ Tokuzo kì í débẹ̀ dáadáa."

Mo fọ ibẹ̀. Mo bu omi sí i títí ọṣẹ fi tán. N kò sọ nǹkan kan.

"Ó tó," ni Fusae wí. "O ò jẹ mí mọ́."