Ojú Sídí Lórí Gíláàsì

Lánàá, aládùúgbò mi dáná sun pàǹtí, èéfín bébà sì gba ojú fèrèsé wọlé bá mi nídìí iṣẹ́. Péènì tí kò ní tádàwà ló wà lọ́wọ́ mi, èyí tí mo fi ń yàwòrán lójú gíláàsì kọ̀ǹpútà. Mo gbé e sílẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè máa rò pé èéfín lásán ni.

Ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní ohun tó lé ní ogójì ọdún sẹ́yìn, ilé àwọn Sídí ló kọjú sí tiwa. Ọ̀rẹ́ mi ni, ẹgbẹ́ sì ni wá. Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ló ń bá a fínra; bí òtútù òjò bá ti dé, gbogbo oríkèé ara ni yóò máa ro ó, kò ní lè lọ sílé ìwé. Orí ẹní ló ti kọ́ àwòrán yíyà. Èédú ìdí ààrò ló fi ń yà á sẹ́yìn kàlẹ́ńdà tí ọdún rẹ̀ ti kọjá. Ó ya bàbá àgbà wa tó ń sùn tó lanu sílẹ̀, gbogbo agboolé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

"Ìwọ náà mú èédú jàre," á wí fún mi, "kì í gé ni jẹ."

Ó kú ní ìgbà òjò kan, kí bàbá rẹ̀ tó rí ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sọ́sibítù. Wọ́n sin ín kí oòrùn tó kan àtàrí. Àwọn àgbà ní kí òbí má ṣe ní ohun tí yóò máa rán an létí ọmọ tó kú. Ìyá Sídí fúnra rẹ̀ ló kó aṣọ, fọ́tò àti gbogbo àwòrán ọmọ náà lọ sẹ́yìnkùlé, ó sì ṣáná sí i. Bébà ká kò, ó dúdú, atẹ́gùn gbé e lọ. Kò sunkún. Mo dúró tì í.

Mo dàgbà, mo di ayàwòrán. Èédú, pẹ́ńsù, ọ̀dà, mo lò wọ́n títí ọwọ́ mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ìgbà náà ni ọmọ mi ra gíláàsì yìí fún mi. Ó ń sọ ìlà kékeré di ńlá fún ojú tó ti ń ṣe bàìbàì. Bí ìlà bá sì wọ́, èèyàn á pa á rẹ́ láìsí àpá.

Lọ́dún tó kọjá, Ìyá Sídí ránṣẹ́ pè mí. Ó ti darúgbó kùjọ́kùjọ́.

"Ọmọ mi, ṣé o lè ya Sídí fún mi?"

Mo gbé gíláàsì lọ, mo yà á.

"Imú rẹ̀ kọ́ nìyẹn."

Mo pa imú rẹ́, mo tún un yà.

"Ẹnu rẹ̀ fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe é títí ìrọ̀lẹ́ fi lẹ́. Mo bi í pé, "Màmá, ṣé òun rèé báyìí?"

Ó tẹjú mọ́ ọn. "Mi ò mọ̀ mọ́. Ìwọ ńkọ́?"

Èmi náà kò mọ̀.

Ó nawọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ Sídí lójú gíláàsì, àwòrán náà sì yẹ̀ kúrò. Ó fa ọwọ́ sẹ́yìn wàrà. "Mo tún ti bà á jẹ́."

"Rárá, Màmá, ẹ ò bà á jẹ́. Ó wà níbẹ̀." Mo dá a padà.

Ohun tí ẹ̀yin ọmọ ń yà lónìí, iná kò rí i jó, òjò kò rí i fọ̀. Ìyẹn ti yàtọ̀ sí ayé tiwa. Ṣùgbọ́n ojú tí a bá ti gbàgbé, kò sí péènì tó lè bá wa rántí rẹ̀. Mo tẹ àwòrán náà sórí bébà, mo bá Màmá gbé e kọ́ ògiri. Ó mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kó má jọ ọmọ òun. Síbẹ̀, láràárọ̀, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, á yíjú sí i, á ní, "Sídí, ṣé o jí ire?"