Àwọn Ọmọbìnrin Tó Máa Ń Kì Wá Létí Pápá

Àga rọ́bà tí wọ́n fún mi láàárọ̀ yìí, létí pápá tí ọmọ ọmọ mi ti ń gbá bọ́ọ̀lù n'Ísọlọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Tí mo bá rẹ́rìn-ín, á mì. Tí mo bá wúkọ́, á fẹ́ gbé mi ṣubú. Ojú tí mo fi ń wo àga pọ̀ ju èyí tí mo fi ń wo bọ́ọ̀lù lọ.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, nígbà tí mo wà ní kékeré, ta ló fún wa ní àga? Ìgbà tí owó epo rọ̀bì dé ni, gbogbo bùrọ̀dá àdúgbò ń ra rédíò, àmọ́ bọ́ọ̀lù wa ò ju ẹyọ kan lọ, ó sì ti rí abẹ́rẹ́ ju ṣòkòtò mi lọ. Bùrọ̀dá Làmídì, tó ń tún mọ́tò ṣe l'Óṣòdì, ló ń kọ́ wa. Àwọn ọmọbìnrin wà tó ń pàtẹ́wọ́ fún wa, Àǹtí Rísí ni olórí wọn. Tí bọ́ọ̀lù bá dé ẹsẹ̀ ẹ, wọ́n á fi oríkì ẹ kọrin. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo èèyàn o. Tó bá ku ọ̀la ká gbá a, Àǹtí Rísí á máa wọ ilé kiri, á máa bi àwọn ìyá pé, "Ẹ̀yin màmá, ṣé ọmọ yín pọnmi? Ṣé ó ń kí èèyàn?" Tí ìyá ẹ bá fi lè mirí pẹ́nrẹ́n, o gbé! Ò báà gbá góòlù wọlé, wọ́n á dákẹ́ lọ gbáà. Bùrọ̀dá Làmídì á ní, "Ẹni tí ò wúlò nílé, ṣé àwa ló fẹ́ wá wúlò fún?"

Gbogbo ohun tí mo fẹ́ láyé ò ju kí wọ́n pè mí ní Àkànjí níbẹ̀ lọ. Ìyá mi ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ aṣọ, á ti jáde kí n tó jí. Ọjọ́ Sọ́ńdè nìkan ló máa ń ráyè kì mí, tó bá ń bu ìrẹsì sí abọ́ mi. Kò tó mi.

Ló bá ku ọ̀sẹ̀ kan ká bá àwọn ọmọ Ṣógúnlé gbá a. Mo rò ó pé tí ìyá kan bá gbè mí, á dáa. Tí gbogbo ìyá inú ilé bá gbè mí, á dáa jù. Orí tí mi ò lò níléèwé nìyẹn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pọnmi fún gbogbo yàrá. Ìyá Fẹ́mi, ará Èkìtì tó ń ṣe tíṣà, wò mí títí, ó ní, "Ṣé ara ọmọ yìí yá ṣá?" Nígbà tó fi máa di ọjọ́ bọ́ọ̀lù, ọrùn mi ti le gan-an. Kò lọ sọ́tùn-ún, kò lọ sósì.

Bí mo ṣe wọ pápá báyìí, àwọn ọmọbìnrin gbé e: "Àkànjí o! Àkànjí!" Orí mi wú. Bọ́ọ̀lù gba ọ̀tún mi kọjá, mi ò rí i. Ó gba òsì, atẹ́gùn ẹ̀ ni mo gbọ́.

"Yíjú, jàre!" Bùrọ̀dá Làmídì ló ń pariwo. "Ṣé òpó iná ni ẹ́ ni?"

Kí n tó yí gbogbo ara, wọ́n ti gbá a sílé wa. Bùrọ̀dá Làmídì yọ mí. Mo jókòó sílẹ̀, mo ń retí kí orin dákẹ́. Àǹtí Rísí wá dúró síbi tí ọrùn mi ti lè rí i, ó ní, "Omi tó o pọn fún àwọn ìyá yẹn ò tíì tán nílé wọn." Wọ́n bá tún ń kọ ọ́ lọ, Àkànjí, Àkànjí, títí wọ́n fi fọn fèrè. Wọ́n lù wá bí ẹní lu bàrà. Mi ò tíì jẹ ìyà tó dùn bẹ́ẹ̀ rí.

Títì ti gba pápá yẹn báyìí. Àǹtí Rísí ti lọ síbi tí àgbà ń rè. Ohùn wọn ṣì máa ń ṣe mí bí ebi. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ní bàtà, wọ́n ní jẹ́sì. Àwọn ọmọbìnrin tiwọn ń jó sí orin tó ń jáde látinú ẹ̀rọ. Wọ́n mọ̀ ọ́n jó, mi ò lè purọ́. Àmọ́ ẹni tí bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀ ò kàn wọ́n.

Nígbà tí bọ́ọ̀lù dé ẹsẹ̀ ọmọ ọmọ mi, mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo fi gbogbo ohùn tó ṣẹ́kù lọ́fun mi pe oríkì tí èmi fúnra mi fún un lọ́jọ́ ìkómọ: "Àyìnlá o! Àyìnlá!" Gbogbo pápá ló yíjú wò mí, àfi òun. Nígbà tí wọ́n parí, ó sáré wá gba omi lọ́wọ́ mi, ó mu ún tán, ó nu ẹnu, ó ní:

"Bàbá, ta ni Àyìnlá?"