Ọjọ́ Tí Bàdírátù Ya Àyíká Níwájú Alábẹ̀wò

Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ẹ̀rù ti ń ba Bàdírátù. Olùkọ́ tó ṣì wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni, ní ilé-ìwé mọ́dàn kan, níbi tí ọmọ ń lọ lẹ́yìn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ní Agbowó, lọ́dún 1964. Àjàgbé, bàbá rẹ̀, tó kó wọn wá láti Ìsẹ́yìn, ti là á mọ́lẹ̀ pé bí kò bá yege lọ́tẹ̀ yìí, ilé ọkọ ló kù.

Ọ̀gbẹ́ni Bándélé, alábẹ̀wò tí yóò sọ bóyá ó yege, wọlé, ó jókòó sẹ́yìn kíláàsì. Bàdírátù so okùn mọ́ ṣọ́ọ̀kì, ó ya àyíká róbótó sí pátákó. Ó fi àmì kan sí ìta rẹ̀, ó fa ìlà méjì láti ibẹ̀: ọ̀kan fara kan etí àyíká lósì, èkejì lọ́tùn-ún. Igun tó wà láàárín ìlà méjèèjì jẹ́ àádọ́ta dìgírì. Dìgírì mélòó ni apá etí àyíká tó kọjú sí igun náà?

Àfi bí òfin tó ti há sórí ṣe fò lọ ráúráú! Ó kàn kọ “àádọ́ta” síbẹ̀.

“Ṣé ó dá yín lójú, Tíṣà?” Ọ̀gbẹ́ni Bándélé ló béèrè.

Ó ṣe Bàdírátù bíi kó gba ẹnu ọ̀nà sá jáde.

“Ẹ má bínú, sà. Mo fẹ́ tún un wò.”

Ó nù ún kúrò. Ó fa ìlà láti àárín gbùngbùn àyíká lọ síbi méjèèjì tí àwọn ìlà ti kàn án. Ohun kan tí kò gbàgbé ni pé àádọ́rùn-ún dìgírì ni igun ibẹ̀, lósì àti lọ́tùn-ún. Ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wá di onígun mẹ́rin.

“Àpapọ̀ igun rẹ̀ jẹ́ òjìdínnírinwó,” ló sọ fún àwọn ọmọ. “Ẹ yọ àádọ́rùn-ún méjì, kí ẹ sì yọ àádọ́ta. Kí ló kù láàárín gbùngbùn?”

“Àádóje, mà!” Mùsílímátù tó jókòó níwájú ló dáhùn.

“Iye etí kékeré yẹn náà nìyẹn. Bí odindi àyíká ti jẹ́ òjìdínnírinwó, èyí tó yí ẹ̀yìn ká ńkọ́?”

“Igba ó lé ọgbọ̀n!” ni kíláàsì pa pọ̀ dáhùn.

Ọ̀gbẹ́ni Bándélé pe Bàdírátù sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

“Kí ló dé tí ẹ kọ́kọ́ kọ àádọ́ta?”

“Ẹ̀rù ló bà mí, sà.”

“Mo rí i. Àmọ́ ẹ kò jẹ́ kí àwọn ọmọ gbé àṣìṣe lọ sílé. Ẹ ti yege.”

“Ẹ ṣé gan-an, sà,” ni Bàdírátù wí. Ó fara ti ògiri, ó rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ọwọ́ tó kún fún ẹfun wà lórí itan rẹ̀.