Ẹ̀dà Kejì Tó Wà ní Ìlọrà

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló dáná sun ìwé bàbá wa. Mo ti sọ ọ́ fún gbogbo ẹbí, mo sì ti kọ lẹ́tà olójú ewé mẹ́rin sí i láti yunifásítì, ẹ̀sùn lórí ẹ̀sùn. Ohun kan wà tí n kò kọ sínú lẹ́tà yẹn.

Tíṣà ni bàbá wa ní Fìdítì. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó fọwọ́ kọ ìtàn ìdílé wa sínú ìwé méje: ẹni tó kọ́kọ́ tẹ̀dó, orúkọ àwọn ìyàwó, ibi tí wọ́n sin kálukú sí. Bó ṣe ń kọ ọ́ lọ ni ojú rẹ̀ ń ṣókùnkùn. A gbé e fún akọ̀wé kan ní Ìlọrà pé kó fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́, kó fi pépà kábọ̀n sáàárín kí ẹ̀dà lè di méjì. Ọ̀kan wọ kọ́bọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ìkejì wà nínú àpòòwé lọ́wọ́ àbúrò bàbá wa obìnrin, ní Ìlọrà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbọ́n mi kó ìwé méjèèje sẹ́yìn ilé, ó ṣáná sí i. Ó ní ikán ti wọ̀ ọ́.

Ọdún kejì, òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì jò. Ẹ̀dà ibẹ̀ rọ̀ bí ògì. Mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìlọrà.

"Ẹnikẹ́ni ò tún fọwọ́ kàn án," ni àbúrò bàbá wa wí, ó ń fa àpòòwé yọ lábẹ́ aṣọ inú àpótí. "Eku ilé mi gan-an ò jẹ́ dán an wò."

Ojú ewé kìn-ín-ní mọ́ kedere. Ìkejì funfun. Ìkẹta funfun. Láti orí ìkejì dé òpin, akọ̀wé yẹn ti dojú kábọ̀n kọ òkè; ẹ̀yìn ẹ̀dà tí òjò bà jẹ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀ lẹ̀ mọ́.

"Àbí ojú tèmi náà ti ń lọ ni?" ó bi mí.

"Rárá, ìyá. Kò sí nǹkan níbẹ̀."

Mo délé tìbínútìbínú. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ ti pa ìtàn wa rẹ́!"

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, rọra. Kí n tó ṣáná, mo bi ọ́ pé ṣé ti Ìlọrà pé. Kí lo wí?"

Mo ní ó pé. Mo lọ síbẹ̀ lóòótọ́ nígbà náà. Mo ka ojú ewé kìn-ín-ní, mo wá fi ìka ṣí etí ìyókù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ogójì ewé, kò dín. Mo dì í padà.

Bàbá wa gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti orí àga. "Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí n lè gbàgbé rẹ̀ ni," ó wí. Kò pariwo.

Láràárọ̀ ọjọ́ ìsinmi mi, ó ń sọ, mò ń kọ. Bí ewé kan bá ti kún, á ní, "Kà á kí n gbọ́," n óò kà á tán kí a tó ṣí òmíràn. Orúkọ ìyàwó kẹta bàbá rẹ̀ kò wá sí i lẹ́nu mọ́. Mo fi àyè sílẹ̀ níbẹ̀. Ó ṣófo títí dòní.