Fíúsì Etí Ìró Ìyá Mi

Ilé tí bàbá mi kọ́ sí Agége kò rì rí. Títì ni ó ga sókè. Wọ́n da yẹ̀pẹ̀ sí i, wọ́n da ọ̀dà lé e, lẹ́yìn ọdún díẹ̀ wọ́n tún da òmíràn lé e, títí ilé wa fi ń wo títì láti ìsàlẹ̀ bí ọmọdé tí ń wo ojú àgbà. Omi òjò tí ó yẹ kí ó máa bá tirẹ̀ lọ wá sọ ẹ̀yìnkùlé wa di ilé àna. Sókàwéè àtijọ́ á kún, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìsàlẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dún gùlù-gùlù, ohun tí ènìyàn ti fi ọ̀wọ̀ sin á sì máa jí padà. Yàrá ìyá mi ni ó sún mọ́ ibẹ̀ jù.

Èmi ń tún láàpútọ́ọ̀pù ṣe ní Computer Village, n'Íkẹjà. Ẹni tí ó bá ti lè tú láàpútọ́ọ̀pù palẹ̀, tí ó sì lè to súkúrù rẹ̀ tí kò ju orí èèrà lọ padà sí ipò, ó máa ń rò pé kò sí ohun tí òun kò lè tò mọ́ láyé. Àrùn wa nìyẹn ládùúgbò yẹn. Nítorí náà, nígbà tí a gbẹ́ kòtò kan sí ẹ̀yìnkùlé, tí a ṣe ìdérí sìmẹ́ńtì fún un, tí a sì ra pọ́ǹpù tí yóò máa ti omi ìdọ̀tí láti inú rẹ̀ lọ sí sókàwéè tuntun níwájú ilé, níbi tí ilẹ̀ ti ga, mo ní kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ pe púlọ́ḿbà. Èmi nìyí.

Mo tò ó lóòótọ́. Ohun tí n kò fi sí i ni fáàfù tí kì í jẹ́ kí omi padà. Pọ́ǹpù á ti omi gòkè tagbáratagbára, á kú, omi náà á sì rọra máa padà bọ̀ bí ọkọ tí ó gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sílé. Odidi ọjọ́ kan ni a fi ń lé omi kan náà jáde. Bọ́ọ̀lù rọ́bà kan wà lára pọ́ǹpù náà: bí omi bá gbé e sókè, pọ́ǹpù á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, bí ó bá wálẹ̀, pọ́ǹpù á dákẹ́. Èmi ti fún bọ́ọ̀lù náà mọ́ ara ògiri kòtò débi pé kò lè gòkè, kò lè sọ̀kalẹ̀. Wáyà rẹ̀ kò sì gùn tó, ni mo bá so òmíràn mọ́ ọn, mo fi téèpù àti ọ̀rá wé oríkèé rẹ̀, mo sì jẹ́ kí ó rọ̀ sínú kòtò. Bí mo bá rántí oríkèé yẹn báyìí, ara mi á bù máṣọ.

Ìyá mi wá bá mi lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, bàtà wọn lọ́wọ́. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, wọ́n sì ta ẹran ní Oko Ọba títí orúnkún wọn fi ní ó tó.

"Ẹnjiníà," wọ́n ní, "omi tó o lé jáde lánàá wá kí mi lórí bẹ́ẹ̀dì."

Bí a ṣe pe àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn. Púlọ́ḿbà fi fáàfù sí ojú páìpù, ó fún bọ́ọ̀lù láyè láti léfòó, ó sì so okùn tó nípọn mọ́ etí pọ́ǹpù. Ó ní okùn ni kí a máa fi fà á jáde, ẹni tí ó bá fi wáyà fà á, kí ó má pe òun. Ọ̀gá oníná wo oríkèé tí mo wé sínú ọ̀rá, ó mi orí, ó bi mí bóyá mo ní ọ̀tá nínú ilé. Ó fa wáyà tuntun kan ṣoṣo láti pọ́ǹpù dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi wáyà ilẹ̀ sí i, ó sì kan fíúsì àti súwíìsì rẹ̀ mọ́ ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ẹ̀rọ tí ń fa omi kànga. Lẹ́yìn náà ó pè wá jọ.

"Ẹ má wọ kòtò yìí láé. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ máa ń pa èèyàn láìpariwo. Ẹ ṣí i, kí atẹ́gùn fẹ́ sí i dáadáa, kí ẹ tó sún mọ́ ọn. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ fọwọ́ kan pọ́ǹpù, ẹ pa súwíìsì, ẹ yọ fíúsì, kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fi fíúsì náà sápò ara ẹ̀."

Ìyá mi kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní lábúlé àwọn, ọkùnrin kan wọ kànga tí a ti dé pa tipẹ́, kò jáde. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ wọ̀ ọ́ láti lọ fà á, òun náà kò jáde. Wọ́n wá yíjú sí ṣòkòtò mi.

"Àpò ẹni yìí jò," wọ́n ní. "Èmi ni yóò máa gbé fíúsì fún."

Láti ọjọ́ náà ni ó ti di òfin. Ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù, tí mo bá fẹ́ fọ pọ́ǹpù, kí n wo ẹnu rẹ̀, kí n da omi garawa méjì sí kòtò láti mọ̀ bóyá bọ́ọ̀lù ṣì ń léfòó, mo ní láti kọ́kọ́ yọ fíúsì, kí n fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún ìyá mi. Fíúsì náà funfun bí àwo tánganran, etí rẹ̀ kan sì ti ṣẹ́ níbi tí mo ti jù ú sílẹ̀. Wọ́n á so ó mọ́ etí ìró wọn, wọ́n á jókòó sórí bẹ́ńṣì lábẹ́ súwíìsì bí ọlọ́pàá. Bí mo bá parí, tí mo wẹ̀, wọ́n á ní kí n mú ọwọ́ wá. Wọ́n á ka ìka mi, lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Mẹ́wàá ni mo bí mọ́ ọ, mẹ́wàá náà ni mo fẹ́ gbà padà. Ìka yìí lo fi ń jẹun."

Ọmọ méjì ni mo ti bí. Irun àgbọ̀n mi ti ń funfun. Obìnrin Ìjẹ̀bú kan tí ó ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé wa, tí ó sì ń gbé yàrá kan nísàlẹ̀, a máa wá dúró wò wá bí ẹni ń wo sinimá. "Màmá, ẹ kà á re o," ni yóò wí, "ó lè ti fi ọ̀kan pamọ́." Ká ní kíkà nìkan ni, kò burú. Àdúrà ni ó máa ń tẹ̀lé e, ìyá mi kì í sì í gba àdúrà kúkúrú.

Sátidé kan wá dé. Òjò ti rọ̀ láti ìdájí, gùlù-gùlù sì ti bẹ̀rẹ̀ padà. Nǹkan ti há pọ́ǹpù lẹ́nu. Kò síná láti ìjẹta. Oníbàárà mi kan ní Opebi ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta nítorí láàpútọ́ọ̀pù rẹ̀, mo sì ti búra fún un pé mo ti wà lọ́nà. Mo rò ó: bí mo bá gbé fíúsì fún ìyá mi, kíkà àti àdúrà yóò gbà mí ní ìdajì ọjọ́. Níbi tí kò ti síná rárá, kí ni mo ń sá fún?

Fíúsì kan tí ó ti jóná wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. Mo pa súwíìsì, mo fi fíúsì gidi sílẹ̀ níbi tí ó wà, kí n lè yọ́ lọ bí mo bá parí láìpadà wá gba fíúsì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, mo sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé òkú fíúsì fún ìyá mi bí ọmọ tí a kọ́ tó gbẹ̀kọ́. Wọ́n gbà á, wọ́n yí i sọ́tùn-ún, wọ́n yí i sósì, wọ́n so ó mọ́ etí ìró.

"Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ," wọ́n ní.

"Àmín, Mà."

N kò ní purọ́, inú mi dùn. Ìwà ọmọdé tí ènìyàn hù lẹ́yìn ogójì ọdún, ó ládùn tirẹ̀. Mo ń súfèé lọ sí ẹ̀yìnkùlé.

Mo ṣí kòtò, mo jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i. Mo fi okùn fa pọ́ǹpù jáde, mo fi omi ṣàn án, mo dojú rẹ̀ délẹ̀ kí ẹnu rẹ̀ lè kọjú sí mi. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ náà dorí kodò pẹ̀lú rẹ̀, n kò sì bìkítà, bẹ́ẹ̀ bí bọ́ọ̀lù yẹn bá ti yí báyẹn, pọ́ǹpù a gbà pé omi ti kún, iná nìkan ni ó ń dúró dè. Ìrépé léèsì aláwọ̀ ojú ọ̀run ni mo rí tí ó lọ́ mọ́ abẹ tí ń yí nínú rẹ̀. Mo mọ léèsì yẹn. Mo ti rí i lórí ẹ̀rọ aránṣọ wa lọ́sẹ̀ tí ó kọjá. Mo wọ ìbọ̀wọ́, mo ki ọwọ́ ọ̀tún bọ ẹnu pọ́ǹpù dé ọrùn ọwọ́, mo sì ń to ọ̀rọ̀ tí n ó fi bú u jọ.

Iná dé.

Àwọn ọmọ ilé kejì pariwo kí i. Ní àdúgbò wa, bí iná bá dé, kò sẹ́ni tí ń ronú: ẹni tí ó bá sún mọ́ ògiri jù á sáré tan ẹ̀rọ omi kí wọ́n tó mú iná lọ. Aránṣọ wa ni ó máa ń yára jù. Méjèèjì ni ó sì máa ń tàn pa pọ̀, ti kànga àti ti kòtò, àfi bí ẹni tí kò fẹ́ ṣe ojúsàájú. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́dẹ̀dẹ̀. Mo gbọ́ súwíìsì kìn-ín-ní. Mo gbọ́ èkejì. Ẹ̀rọ kànga bú sókè.

Ọwọ́ mi ṣì wà níbẹ̀. N kò lè fà á, n kò lè pariwo. Pọ́ǹpù kò mira.

Ẹ̀rù bà mí débi pé nígbà tí mo yọ ọwọ́ náà tán, ilẹ̀ ni mo jókòó sí, nínú omi tí n kò ní dárúkọ.

Nígbà tí mo dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, súwíìsì méjèèjì ti wà ní títàn. Àyè fíúsì pọ́ǹpù ṣófo. Aránṣọ dúró síbẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn. "Mo ti bá yín tàn án o," ó ní. Ìyá mi jókòó sórí bẹ́ńṣì. Wọn kò wò ó, èmi ni wọ́n ń wò.

Wọ́n tú etí ìró. Fíúsì méjì ni ó bọ́ sórí itan wọn, òkú èyí tí mo gbé fún wọn, àti èyí tí etí rẹ̀ ṣẹ́.

"Ẹran ni mo fi gbogbo ayé mi tà," wọ́n ní. "Ọwọ́ mi mọ egungun yàtọ̀ sí ẹran kí ojú mi tó rí i. Èyí tó o gbé fún mi, etí ẹ̀ kò ṣẹ́. Bó o ṣe kúrò níbí ni mo yọ ti ara ògiri."

"Kí ló dé tí ẹ ò pè mí, Mà?"

"Wàá jiyàn."

Wọ́n ní kí n mú ọwọ́ wá. Mo ní n kò tíì wẹ̀. Wọ́n ní kí n mú un wá bẹ́ẹ̀.

Wọ́n fa ìbọ̀wọ́ kúrò fúnra wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti àtàńpàkò ọ̀tún. Mo rí i pé wọ́n ka ìka kan lẹ́ẹ̀mejì.

"Mọ́kànlá," wọ́n ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà," mo dáhùn. "Ó pé."